Ọmọlanke àfọwọ́kàn fún ọjà búùtù: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí àti ìdáhùn wọn

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fa ọmọlanke tí mo fọwọ́ ara mi kàn kiri ọjà àlòkù ní gúúsù London. Ibi tí mo bá ti gbé e dúró, àwọn ará wa á yà wá. Ẹ̀gbọ́n kan á fẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀ wò, àbúrò kan á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ìbéèrè á sì máa ya lọ́tùn-ún lósì. Mo ti dáhùn títí ọ̀fun mi fi gbẹ, ni mo bá kó o jọ síbí. Nọ́ọ̀sì ni mí, n kì í ṣe káfíńtà. Ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ igi kò ju èyí tí mo rí lọ́wọ́ bàbá mi ní Mushin lọ, àti èyí tí àṣìṣe fi kọ́ mi.

Àǹtí, ọjà wo gan-an lẹ ń sọ?

Ọjà búùtù, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní car boot sale. Èèyàn á kó ohun tí kò lò mọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, á wà á lọ sí pápá tàbí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan, á ṣí búùtù sílẹ̀, á pàtẹ síwájú rẹ̀. Wọ́n ní àlùfáà Kátólíìkì kan láti Stockport, Harry Clarke, ló mú àṣà náà wọ Britain ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tó ti rí irú rẹ̀ ní Kánádà. Èyí tó wà ní Battersea, ọ̀sán Sọ́ńdè ni wọ́n ń ná an. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lórí pápá koríko, ìdájí ni, ẹni tó bá sì dé ní aago mẹ́wàá, pàǹtí ló máa bá. Deptford ni èmi ń ná jù, ní Douglas Way, lọ́jọ́rú, lọ́jọ́ Ẹtì àti ní Sátidé. Ìyẹn kì í ṣe ọjà búùtù ní tòótọ́, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń pa àtẹ àlòkù sí, ṣùgbọ́n ìṣòro ẹrù kan náà ni.

Kí ló dé tí ẹ ò kúkú pe ẹni tó máa bá yín gbé e?

Ta ni kí n pè? Ní ọjà Oyíngbò tàbí Kàtángówà l'Ékòó, kí ẹ tó gba ṣéńjì yín tán, alábàárù ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, òṣùká ti wà lórí rẹ̀, ó ń bi yín pé mọ́tò dà. Ní Deptford, ẹ̀yin náà ni oníbàárà, ẹ̀yin náà ni alábàárù. Takisí tí ẹ bá pè á wo àga onígi tó wà lẹ́bàá yín, á wo ẹrẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ àga, á sì tẹná mọ́tò.

Àpò Ghana-Must-Go náà? Mo lò ó fún ọdún méjì. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gé yín níka, síìpù rẹ̀ á ya lójú títì, àwo á sì máa ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ sí yín létí títí ẹ óò fi délé.

Ṣé kẹ̀kẹ́ ìrajà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ò tó ni?

Fún tòmátì àti iṣu, ó tó. Àpò ni, kì í ṣe pẹpẹ: àga ò lè wọ̀ ọ́, dígí ò lè wọ̀ ọ́, táyà rẹ̀ kékeré yẹn á sì rì sínú koríko tútù bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Àwọn tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń ká pọ̀, tí àwọn èèyàn máa ń gbé ọmọ sí lọ sétí òkun, ìyẹn dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti ní ọ̀kan nílé, ẹ má wulẹ̀ kan òmíràn. N ò jẹ́ purọ́ torí pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Lọ́nà ilé yín. Kí ẹ tó fi ayùn kan igi rárá, ẹ mú téèpù, kí ẹ lọ wọn gbogbo ibi tí ẹrù máa gbà wọlé. Ìlẹ̀kùn ilé wa fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 76. Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tí mo kàn, 80 ni. Ó rẹwà púpọ̀. Ìta ló sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí òjò ń pa á, títí tí mo fi tú u.

Lẹ́yìn náà, ẹ rìn láti ọjà dé ilé lẹ́ẹ̀kan ní ọwọ́ òfìfo, kí ẹ máa kà: àtẹ̀gùn mélòó, etí títì mélòó tí wọn kò dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀, òkè wo, ibo ni wọ́n ti fi irin dínà kí ọ̀kadà má bàa gbà á kọjá. Orí Telegraph Hill lẹ́bàá New Cross ni èmi ń gbé. Ọjà wà nísàlẹ̀, ilé wà lókè, ó túmọ̀ sí pé ìgbà tí ẹrù bá kún ni mo ń gun òkè. Ẹni tí ilé tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ máa kan nǹkan mìíràn.

Ìwọ̀n tí mo wá fàbọ̀ sí ni pẹpẹ tó gùn ní sẹ̀ntímítà 90, tó fẹ̀ ní 44. Kí ló dé tó fi jẹ́ 90? Kíréètì oníke tí wọ́n ń lò káàkiri Yúróòpù, 60 sí 40 ni ńlá rẹ̀, 40 sí 30 ni kékeré rẹ̀. Ẹ gbé ńlá kan kalẹ̀, kí ẹ fi kékeré kan tì í nídìí ní ìbú: 60 àti 30, ó di 90 géérégé. Ẹrù ò ní rí àyè yí kiri. Bí a bá wá ka táyà méjèèjì mọ́ ọn, kẹ̀kẹ́ náà fẹ̀ ní bíi sẹ̀ntímítà 65. Ó ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá láìha ọ̀dà.

Táyà wo ni kí n rà?

Ìbéèrè yìí gan-an ni ẹni tó bá ń kánjú kì í bi mí. Pákó ni gbogbo ayé máa ń náwó lé. Pákó tó burú á gbé yín délé. Táyà tó burú ò ní gbé yín jáde nínú pápá.

Ẹ má lo àwọn wíìlì kékeré abẹ́ àga ọ́fíìsì. Aládùúgbò mi kan kàn án mọ́ ìdí pátákó, ó ń yọ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná rẹ̀ bí ẹní ń jó. Nígbà tó dé orí koríko, ṣe ló dà bíi pé ó ń fi rékè túlẹ̀.

Táyà tí mo ń lò ni táyà aláfẹ́fẹ́ ti kẹ̀kẹ́ ìgbé-àpò, irú èyí tí àwọn tó ń já bíà ń tì. Nọ́ńbà tí ẹ máa rí lára rẹ̀ ni 4.10/3.50-4. Ìdábùú rẹ̀ jẹ́ bí íǹṣì 10, ó sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí kì í rì. Ẹ wo ihò àárín rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó: ti mìlímítà 16 wà, ti 20 wà, wọ́n sì jọra lójú. Ẹ tún wò ó bóyá ìdí rẹ̀ yọ sápá kan ju ìkejì lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, apá gígùn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibì kan náà, bóyá síta ni o, bóyá sínú ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kẹ̀kẹ́ á máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí akàn.

Aláfẹ́fẹ́ tàbí alágídí? Èyí tó ní afẹ́fẹ́ rọ àwo lójú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má pariwo. Èyí tí kì í jò le, ó sì máa ń gbọn ẹrù pẹ̀pẹ̀pẹ̀ lórí òkúta. Ẹni tó bá ń ra irin, kó ra alágídí. Ẹni tó bá ń ra tánganran bíi tèmi, kó ra pọ́ǹpù. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára táyà fúnra rẹ̀, ẹ má fi ojú díwọ̀n.

Ibi tó dára jù láti rí wọn ni ọjà náà gan-an. Kẹ̀kẹ́ ìgbé-àpò kan tó ti dípẹtà ni mo rà ní pọ́n-ùn 5, mo tú táyà méjèèjì, mo fi irin yòókù sílẹ̀ fún oní-irin-àlòkù. Kẹ̀kẹ́ ọmọ àtijọ́ náà ní táyà tó ga, tó sì dára, kìkì pé ọmọ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ. Ti kẹ̀kẹ́ ológeere ńkọ́? Ó ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin méjì ló di ìdí rẹ̀ mú, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ẹ bá gbé e lé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, á tẹ̀.

Mo gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ yín ti já yín kulẹ̀ rí.

Ta ló tún sọ ìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pá ìdí táyà ló tẹ̀.

Ọ̀pá irin tí táyà méjèèjì ń yí lé lórí yẹn, mo ra onítíréèdì, èyí tí nọ́ọ̀tì lè rìn lórí rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ó rọrùn: kò sí pé ẹ ń lu ihò, ẹ kàn ń fi nọ́ọ̀tì há táyà ni. Mìlímítà 12 ni mo rà nítorí òun ló wà nílé ìtajà lọ́jọ́ náà, mo sì fi ike dí àlàfo inú ihò táyà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ Singer àtijọ́, dúdú, onírin, pẹ̀lú àpótí igi rẹ̀, mo sì to àwo oúnjẹ méjìdínlógún sórí rẹ̀. Mo dé ibi tí títì ti pínyà, ni mo gbọ́ tí nǹkan dún *kẹ́*. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí táyà méjèèjì tí wọ́n la ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwo ni kò dùbúlẹ̀ pẹ̀lẹ́. Mọ́kànlá fọ́. Singer ò kúkú mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Tíréèdì tí wọ́n gé sára irin ti jẹ nínú agbára rẹ̀, á sì tún máa ha inú táyà jẹ bíi sáńpépà. Ẹ ra ọ̀pá irin dídán, mìlímítà 20. Agbára rẹ̀ láti má tẹ̀ ju ti mìlímítà 12 lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ owó wọn ò tó oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ gé e ní sẹ̀ntímítà 66. Ẹ lu ihò kékeré sí etí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ ki pínnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì bọ̀ ọ́, kí ẹ la ẹsẹ̀ pínnì náà sọ́tọ̀. Wọ́ṣà kan gbọ́dọ̀ wà nínú, ọ̀kan síta, fún táyà kọ̀ọ̀kan. Gíríìsì díẹ̀. Ó parí.

Pákó ńkọ́?

Plywood mìlímítà 12 fún pẹpẹ, igi íǹṣì 2 sí 2 fún férémù abẹ́ rẹ̀. Ẹ má ra odidi pátákó o: mítà 2.44 sí 1.22 ni odidi, ẹ ò sì nílò ju àjákù lọ. Ẹ béèrè àjákù lọ́wọ́ ẹni tó ń gé igi.

Àwọn kan ń lo igi pallet tí wọ́n jù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ wá òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀. HT ni pé iná ni wọ́n fi yan kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ mú un. MB ni pé gáàsì olóró methyl bromide ni wọ́n fín sí i. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, pàápàá bí ọmọ bá máa jókòó sórí rẹ̀. Ọmọ máa jókòó sórí rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀dà kun etí plywood ju ojú rẹ̀ lọ. Etí ni omi ń gbà wọlé.

Báwo lẹ ṣe kàn án?

Sátidé kan ni. Mo gé igi mẹ́rin, mo dè wọ́n pọ̀ bíi férémù àwòrán, mo fi igi kan há àárín. Mo gbé plywood lé e, mo fi síkúrù dè é ní gbogbo ìwọ̀n ọwọ́ kan. Kí síkúrù tó wọlé, mo kọ́kọ́ lu ihò tó tín-ín-rín ju síkúrù lọ, torí bàbá mi máa ń sọ pé igi tí a kò bá tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, lílà ló máa là. Mo yí i dojúdé. Mo gbé pákó líle kan dábùú abẹ́ férémù, mo gé ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i tí ọ̀pá irin máa sùn sí, mo wá fi yú-bóòtù mẹ́rin (bóòtù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U) gbá ọ̀pá náà mọ́ ọn. Síkúrù ò tó fún ibẹ̀ yẹn, gbogbo ẹrù ló ń rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ lo bóòtù tó la igi já, tó ní wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì lódìkejì. Mo ki táyà bọ̀ ọ́. Mo dá a dúró, ọmọ mi gùn ún kí ọ̀dà tó gbẹ. Àmì ìdí rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní.

Ṣé àárín gan-an ni ọ̀pá ìdí táyà máa wà?

Rárá o. Àárín pẹpẹ oní-90 jẹ́ 45. Ẹ fi ọ̀pá sí 50 láti iwájú, ìyẹn ni pé ẹ sún un sẹ́yìn ní sẹ̀ntímítà 5.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣàlàyé, torí àwọn ọkùnrin máa ń bá mi jiyàn lórí èyí. Ká ní ẹrù kílò 60 tẹ́ sórí pẹpẹ dọ́gbadọ́gba. Ọwọ́ tí ẹ fi ń fà á wà ní mítà 1 síwájú pẹpẹ, ìyẹn jẹ́ mítà kan àtààbọ̀ sí ọ̀pá ìdí táyà. Bí ọ̀pá bá wà ní 50, kílò 2 péré ló máa sinmi lé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá sún un dé 60, ó di bíi kílò 6. Kí ẹ tó dé New Cross, apá ti ń ro yín. Bí ẹ bá wá gbé e síwájú, sí 40, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ á fẹ́ sùn sílẹ̀, ẹ óò máa fọwọ́ tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹní ń di ewúrẹ́ mú.

Àwọn mẹ́ruwà Mushin ò fi bírò ṣírò rẹ̀ rí. Wọ́n á to kẹ́ẹ̀gì omi lé ọmọlanke, wọ́n á gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, wọ́n á gbé e wò. Bó bá wúwo jù, wọ́n á sún kẹ́ẹ̀gì kan sẹ́yìn. Bó bá fẹ́ẹ́ jù, wọ́n á sún un síwájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lọ. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́, báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó?

Bíi sẹ̀ntímítà 110, kí ibi tí ẹ ti máa dì í mú ga dé nǹkan bí 75 sílẹ̀. Ẹni tó ga jù mí lọ kó fi kún un. Kí ẹ rìn pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Ti àkọ́kọ́ kúrú, gbogbo ìṣísẹ̀ mi ni pẹpẹ ń gbá mi ní gìgísẹ̀. Bóòtù kan ṣoṣo ló di ti ìsinsìnyí mú, kí n lè tú u nígbà tí mo bá wọlé. Mo fi rọ́bà inú táyà àtijọ́ wé ibi ìdìmú, torí òtútù oṣù kejì lórí irin kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọwọ́.

Ẹ tún kan ẹsẹ̀ igi kan sí iwájú pẹpẹ, kó ga tó pé bí ẹ bá sọ ọwọ́ sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ á dúró gbọnrangandan. Láìsí i, ẹ ò lè náwó láìjẹ́ pé ẹ fi orúnkún di kẹ̀kẹ́ mú.

Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin?

Méjì. Mẹ́rin á ní kí ẹ wá bí iwájú ṣe máa yí, ìyẹn sì ni iṣẹ́ tó máa lé yín padà sórí àga.

Kílò mélòó ló lè gbé?

Iye tí táyà lè gbé máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ̀yìn èèyàn ni kò ní òǹtẹ̀. Èmi kì í kọjá 60, bí òkè bá sì ga, 40. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: bó bá fẹ́ yí padà sẹ́yìn lórí òkè, ṣé mo lè dá a dúró?

Báwo ni kí n ṣe dì í kó má bàa fọ́?

Èyí tó wúwo nísàlẹ̀, lórí ọ̀pá ìdí táyà gan-an: ìwé, irin, ìkòkò. Èyí tó fẹ́ẹ́ lókè. Kẹ́ ẹ má jẹ́ kó ga ju bí táyà méjèèjì ṣe jìnnà síra lọ, àyàfi bó bá jẹ́ àga tí inú rẹ̀ ṣófo.

Àwo: ẹ má tò ó bí ẹ ṣe ń tò ó sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ nà á ró, kó fi etí dúró, kí ìwé ìròyìn wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kẹ̀kẹ́ bá kọlu ihò, àwo tó fi etí dúró ń gba á mọ́ra. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ ń sán láti àárín. Dígí àti férémù náà bẹ́ẹ̀, láàárín ìbora méjì. Mo máa ń mú aṣọ ìnura àtijọ́ mẹ́ta lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfìfo, nítorí ẹni tó ń ta dígí kì í ta ohun tí ẹ máa fi wé e.

Fún dídè, bẹ́líìtì ìdẹrù méjì tó ní ìhá irin ló dára jù. Rọ́bà tó ní ìkọ́ létí náà dára fún ohun rírọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ojú sún mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá ń fà á. Mo ti bá wọn fọ ojú aláìsàn tí ìkọ́ rẹ̀ ta bà. Ẹ de bóòtù tó ní ojú ihò lórí, mẹ́fà, mọ́ etí pẹpẹ kí okùn rí ibi so mọ́. Ẹ fi tàpólì kékeré kan sápò. London ni.

Etí títì àti òkè ńkọ́?

Táyà mi ga ní sẹ̀ntímítà 26, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 13. Etí títì tó ga tó 10 tàbí 12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín táyà, ibẹ̀ ni fífà tààrà ò ti já mọ́ nǹkan kan mọ́: ẹ ń fa táyà lu ògiri ni. Ẹ yí padà, kí ẹ kọjú sí kẹ̀kẹ́, kí ẹ fà á sókè pẹ̀lú apá méjèèjì ní ìgbà kan. Orúnkún ni kí ẹ fi gbé e, kì í ṣe ẹ̀yìn. Èyí ni wọ́n kọ́ wa ní wọ́ọ̀dù fún gbígbé aláìsàn, kẹ̀kẹ́ náà ò yàtọ̀.

Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kó wà lẹ́yìn yín. Ẹ yí i, kó wà níwájú nísàlẹ̀, kí ẹ̀yin wà lókè, kí ẹ máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bó bá já, kò ní gba orí yín kọjá.

Ṣé dẹ́rẹ́bà á jẹ́ kí n gbé e wọ bọ́ọ̀sì?

Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sì sí ẹjọ́ níbẹ̀. Àyè tó wà láàárín bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ló ni ín ṣáájú ẹnikẹ́ni. Bó bá wọlé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹ má wọ bọ́ọ̀sì ní àsìkò tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń jáde. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ tú ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ẹ dá pẹpẹ dúró lórí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ara dáàbò bò ó.

N ò lè di ayùn mú rárá.

Ẹ wọn gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ta igi. Ọ̀pọ̀ wọn á gé e fún yín. Ohun tó kù ò ju dírílì àti sípánà lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kan irú ẹ̀ ní Èkó.

Kó má kàn án, kó gbé wíwọ̀n rẹ̀ lọ bá wẹ́dà. Ní Owódé Onírin, á rí irin tó bá fẹ́, wẹ́dà á sì jó o pọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Kó lo irin dípò igi, nítorí ikán. Ṣùgbọ́n inú Kàtángówà fúnra rẹ̀ kò gba kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń já béèlì. Ìta ni kó gbé e sí, kó jẹ́ kí alábàárù kó ẹrù jáde fún un.

Mo fẹ́ kó ohun tí mo rà lọ sílé, sí Nàìjíríà. Kí ni kí n má gbé sórí kẹ̀kẹ́?

Firíìjì. Yàtọ̀ sí pé ó tóbi, firíìjì àlòkù, ẹ̀rọ amúlétutù àlòkù àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àlòkù wà nínú ohun tí ìjọba Nàìjíríà ní kí wọ́n má kó wọlé. Aṣọ òkìrìkà náà wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé Kàtángówà kún fọ́fọ́ fún un. Ìyẹn ò ní kí kọ́sítọ́ọ̀mù má gba tiyín. Ohun èlò iná kéékèèké dára láti kó, torí fóltì 230 ni iná wọn níbí, bíi tiwa, plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni. Ẹ tàn án wò lọ́jà kí ẹ tó sanwó. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò ní iná, ẹ ní ẹ̀yin ò ní owó.

Níbo lẹ ń gbé e sí nínú fláàtì?

Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá, ó fi ẹ̀gbẹ́ dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ilé ń gbà kọjá. Bí iná bá sọ, ibẹ̀ ni gbogbo yín máa sá gbà, kẹ̀kẹ́ yín á sì dínà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, Àǹtí: ojú ò tì yín láti máa fa ọmọlanke ní ìlú òyìnbó?

Ó tì mí lọ́jọ́ kìíní. Mo gba ẹ̀yìn ilé kí ará ìjọ wa kankan má bàa rí mi. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ Àjọkẹ́ Ayé wa rí mi níkẹyìn, ó bú sẹ́rìn-ín lódìkejì títì, ó ń pariwo pé "Aláàárù London!" Ó ń rẹ́rìn-ín lọ, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ló bá sọdá wá bá mi. Àtùpà onírin gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbé e láti Deptford, ọwọ́ rẹ̀ sì ti pupa. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí. Ó ní, "Sún àwo yẹn síbẹ̀ díẹ̀, jàre."